Kíìtì push-fit àbí kíìtì onígọ́ọ̀mù: èwo la fi ń bẹ̀rẹ̀?

Àkọ́bẹ̀rẹ̀Leeds

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ìdí kíìtì. Èmi àti àbúrò mi, ọmọ ọdún 13, fẹ́ bẹ̀rẹ̀ Warhammer 40,000: ká jọ to àwọn ọmọ ogun náà pọ̀, ká kùn wọ́n lọ́dà, ká sì máa fi wọ́n ṣeré ogun lórí tábìlì. Oríṣi méjì ni mo ń rí. Ọ̀kan ni push-fit: èèkàn kéékèèké wà lára ẹ̀yà kan, ihò wà lára èkejì, wọ́n ní kéèyàn kàn tẹ ọ̀kan bọ èkejì, ó parí. Èkejì ni èyí tó gba gọ́ọ̀mù, tí ẹ̀yà rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí èèrà.

Ṣé òótọ́ ni pé push-fit kò nílò gọ́ọ̀mù rárá? Kí ló wà lára onígọ́ọ̀mù tí push-fit kò ní? Ṣé ká kùn ún ká tó tò ó ni, àbí ká tò ó tán ká tó kùn ún? Irinṣẹ́ wo la ò gbọdọ̀ ṣe aláìní? Ẹ má bínú bó bá jẹ́ pé ẹ ti dáhùn ẹ̀ rí. Mo wá a títí, n ò rí i. Ẹ ṣeun.

Ọ̀bẹMímú

Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jẹ́ ká ti gbòǹgbò ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀: èèkàn inú push-fit, amọ̀nà ni, kì í ṣe ìdè. Ó mọ iṣẹ́ amọ̀nà ṣe dáadáa. Kò ní jẹ́ kí ẹ fi apá òsì sí ọ̀tún, kò ní jẹ́ kí orí wọ́, ibi tí ìbọn yẹ kó wà náà ló máa wà. Ṣùgbọ́n kó dá di ère mú nígbà tí ọwọ́ oríṣiríṣi bá ń gbé e sókè gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì, kó tún ja bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó má tú, n ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún èèkàn lórí ìyẹn. Àwọn tó ṣe é kò parọ́, ó ń dúró láìsí gọ́ọ̀mù. Àmọ́ èyí tí ẹ bá máa fi ṣeré, ẹ fi gọ́ọ̀mù sí i.

Ní ti ìyàtọ̀, ẹ wo Intercessor, irú ọmọ ogun kan nínú Warhammer, nítorí pé Games Workshop, ilé iṣẹ́ tó ni eré náà, ṣe é ní oríṣi méjèèjì. Páálí push-fit rẹ̀ kékeré ní ọmọ ogun 3, ìdúró kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀. Bí ẹ bá ra páálí méjì, ìbejì mẹ́ta lẹ bí yẹn. Páálí onígọ́ọ̀mù ní ọmọ ogun 10, ìbọn oríṣi mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí ẹ lè yàn nínú rẹ̀, ọrùn ń yí, ìbàdí ń yí. Ẹnì kan lè máa wo òkè kí ẹnì kejì máa bojú wẹ̀yìn. Ohun tí ẹ ń pàdánù nìyẹn. Èrè rẹ̀ ni pé ẹni tí kò di ọ̀bẹ mú rí lè to mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ kan kí wọ́n sì dúró bí wọ́n ṣe wà nínú àwòrán. Àwọn àpótí ńlá tí wọ́n fi ń ṣí ẹ̀dà tuntun eré náà, push-fit ló ń kún inú wọn: Dark Imperium ti 2017 ní ère 53, Indomitus ti 2020 ní 61. Bí ẹ bá pín owó àpótí bẹ́ẹ̀ sí iye ère inú rẹ̀, ó máa ń dínwó ju kí ẹ máa ra páálí kọ̀ọ̀kan lọ.

Ẹ óò rí i pé ibi tí wọ́n ti pín ẹ̀yà push-fit máa ń rúni lójú: ìdajì aṣọ àbora á so mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìdajì kejì á wà lẹ́yìn. Móòdù ló fà á. Irin méjì tó pàdé ni móòdù. Wọ́n á fún ike gbígbóná sáàárín wọn, nígbà tó bá tutù irin á ṣí ní tààrà, á fi ike sílẹ̀. Ohunkóhun tó bá ká wọ abẹ́ ara rẹ̀, irin ò ní lè jáde níbẹ̀ láìfa nǹkan ya. Onígọ́ọ̀mù á pín irú ibẹ̀ sí ẹ̀yà kéékèèké, ó tán. Push-fit ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí, torí èèkàn kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ ike tó nípọn tí yóò fìdí múlẹ̀ lé lórí. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yà rẹ̀ fi tóbi, tí kò sì pọ̀, tí ojú ìpàdé fi máa ń sá sí ibi tí ẹ ò retí.

Bí mo ṣe ní kí ẹ tò ó rèé, ẹ má sáré.

Kọ́tà, ìyẹn ẹ̀mú tí wọ́n fi ń gé ike, tí ìhà kan ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni kí ẹ lò, ìhà tó tẹ́ yẹn ni kó kọjú sí ère. Ẹ má gé e mọ́ ara lẹ́ẹ̀kan náà. Gígé àkọ́kọ́, ẹ jìnnà sí ẹ̀yà ní mílímítà 2 sí 3, kó ṣáà kúrò lára férémù, ìyẹn igi ike tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́ nínú páálí. Gígé kejì, ẹ jẹ́ kó ku bí ìdajì mílímítà. Ìyókù, ọ̀bẹ ni ẹ ó fi fá a, kí ẹ wá fi sáńpépà nọ́ńbà 400 rìn ín, kí ẹ fi 600 tàbí 800 parí ẹ̀. Ibi tí ẹ̀yà ti so mọ́ férémù yìí ni wọ́n ń pè ní gate. Èmi ń pè é ní ìwọ́, torí bí ọmọ ṣe so mọ́ ìyá ló ṣe so mọ́ ọn. Bí ìwọ́ bá ku bíńtín lójú ibi tí ẹ̀yà méjì ti ń pàdé, àlàfo ni ẹ ó máa wò títí ayé, ẹ ó sì máa bú ẹni tó ṣe kíìtì láìṣẹ̀.

Ilà móòdù náà wà, ìlà tín-ín-rín tó gba ara ère kọjá níbi tí irin méjì ti pàdé. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni kí ẹ fi fà á, kì í ṣe ojú rẹ̀. Ojú ọ̀bẹ á gé wọ inú ike. Ẹ̀yìn rẹ̀ á máa há a bí ẹni ń há ìdí ìkòkò.

Ó wá kan èèkàn. Ẹ dán an wò nínú ihò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, àmọ́ ẹ má tẹ̀ ẹ́ dé ìdí! Bó bá wọlé tán, yíyọ rẹ̀ lè já èèkàn sínú ihò. Nígbà tí ẹ bá ti rí ibi tó ń lọ, ẹ gé ìdajì gígùn èèkàn náà dànù, kí ẹ wá fi ọ̀bẹ gbẹ́ etí orí rẹ̀ yí ká bí ẹni gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù, àmọ́ kó má mú. Ìdajì tó kù ti tó láti tọ́ yín sọ́nà. Ẹ̀yà á pàdé pátápátá láìsí pé ẹ ń fi agídí tì í, bí ẹ bá sì fẹ́ yọ ọ́, á jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Gọ́ọ̀mù: Tamiya Extra Thin, èyí tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ni kí ẹ wá. Gọ́ọ̀mù yìí kì í lẹ̀ ike, yíyọ́ ló ń yọ́ ọ, ẹ̀yà méjèèjì á sì di ẹyọ kan. Ẹ kọ́kọ́ pa ẹ̀yà pọ̀ ná, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì inú ìdérí kan ojú ìpàdé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ óò rí i bí á ṣe sáré wọ inú ìlà náà fúnra rẹ̀. Ìka yín kò gbọdọ̀ sí lórí ojú ìpàdé yẹn o. Bó bá wà níbẹ̀, gọ́ọ̀mù á gba abẹ́ ìka kọjá, ẹ ó sì tẹ̀ka sára ọmọ ogun bí ẹni tẹ̀ka ní báńkì. Ẹ fún un pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ike tó yọ́ á rú jáde díẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ lójú ìlà náà, ohun tí à ń wá gan-an nìyẹn. Ẹ má nù ún, torí á fẹ̀ ká. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ fi ọ̀bẹ fá a kúrò. Ojú ìpàdé á pòórá. Ẹ ṣí fèrèsé nígbà tí ẹ bá ń lò ó, òórùn rẹ̀ kì í ṣe òórùn ọmọdé. Fún ọmọ ọdún 13, Revell Contacta tó ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu rọrùn láti darí jù, ó sì nípọn díẹ̀, kì í ṣàn kiri.

Irinṣẹ́ yín ò ju mélòó kan lọ: kọ́tà, ọ̀bẹ tí abẹ rẹ̀ ṣeé pààrọ̀ (abẹ 10A ti Swann-Morton, Sheffield ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹ ò ní jìnnà sí i), sáńpépà, gọ́ọ̀mù. Ẹ tètè máa pààrọ̀ abẹ. Abẹ tó ti kú ló ń gé èèyàn, torí agbára lẹ ó máa fi tì í.

ÌyáGunpla

Ọ̀gá Ọ̀bẹMímú, ẹ kú àlàyé, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lọ fi gọ́ọ̀mù sí gbogbo ohun tó bá ṣáà ti ní èèkàn. Lọ́jọ́ kan àbúrò yẹn á ra Gundam, kíìtì róbọ́ọ̀tì ti Japan, á bá ọ̀nà yẹn lọ, oríkèé gbogbo á gan.

Kíìtì Gundam ti ilé iṣẹ́ Bandai, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń tò ó nígbà tí àkọ́kọ́ jáde ní 1980 ní ìwọ̀n 1/144. Àwọn oríṣi tó tẹ̀ lé e, High Grade ti 1990 àti Master Grade 1/100 ti 1995, títẹ̀ ni gbogbo wọn. Ìyàtọ̀ àárín tiwọn àti Warhammer ni pé orúnkún Gundam ń ká, ìgbọ̀nwọ́ ń ká, ìka pàápàá ń ká nínú àwọn mìíràn. Níbẹ̀, èèkàn ìdè ni, kì í ṣe amọ̀nà. Wọ́n ṣírò bó ṣe máa há. Bí ẹ bá gé ìdajì rẹ̀ dànù bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí, apá á máa bọ́ nígbàkigbà tí ẹ bá gbé e sókè.

Nínú oríkèé yẹn ni polycap wà, ike rírọ̀ tó sábà máa ń ní àwọ̀ eérú. Polyethylene ni. Gọ́ọ̀mù ike ò lè yọ́ ọ, nítorí náà kò lè lẹ̀ ẹ́. Ohun tó máa ṣe ni pé á ṣàn kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, á lọ yọ́ ike líle tó yí i ká, oríkèé á di òkúta. Ibi tí gọ́ọ̀mù ti wúlò lára Gundam ni ojú ìpàdé tí kì í ṣí: itan tó pín sí méjì, ara ìbọn. Ẹ fi díẹ̀ sí etí méjèèjì, ẹ tẹ̀ ẹ́, kó rú jáde, ẹ fá a ní ọjọ́ kejì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ṣe sọ. Ibẹ̀ la ti fọwọ́ sí i.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn dáadáa, torí òun ló ń ba kíìtì jẹ́ jù lọ lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n kùn. Ike tí ẹ bá tẹ̀ bọ ara wọn, inú ìnira ló wà. Èèkàn ń ti ihò síta, ihò ń fún èèkàn mọ́ra. Ẹ ò rí i, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí ẹ bá wá da ọ̀dà enamel tí wọ́n fi ń fa ìlà dúdú sínú kọ̀rọ̀ lé e lórí, oje inú ọ̀dà náà á wọ inú ike tó ń nira yẹn, ike á là. Ó burú jù lára ẹ̀yà ABS, ìyẹn ike líle tí wọ́n fi ń ṣe eegun inú Gundam. Kì í là lójú ẹsẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹ lè kùn ún lálẹ́, kó rí rèǹtè-rente, kó di àárọ̀ kí ihò èjìká ti là sí méjì. Ọ̀nà àbáyọ: ẹ fa ìlà yẹn nígbà tí ẹ̀yà ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí kò sí ohun tó ń fún un, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ fín in ní ọ̀dà dídán tí kò ní àwọ̀, kó gbẹ dénú, kó máa dá enamel dúró, tàbí kí ẹ lo ọ̀dà tí wọ́n fi omi pò. Ẹ má sì dà á bí ẹni da ọbẹ̀. Ṣóńṣó búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi kan ìlà náà.

Push-fit Warhammer náà, bí ẹ bá tò ó láìgé èèkàn, ìnira yẹn wà lára rẹ̀. Nítorí náà lórí ọ̀rọ̀ gígé èèkàn Warhammer, mo gbà fún ẹ̀gbọ́n.

ApáMẹ́ta

Ẹ káalẹ́ o. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa sọ pé push-fit kò ṣeé yí ìdúró rẹ̀ padà. Ó ṣeé ṣe, ibi tí wọ́n ti ń gé e ni kò dáa. Wọ́n á lọ kọ lu èjìká, níbi tí èèkàn, ihò àti ìdajì àyà ti dì mọ́ ara wọn. Ẹ gé e ní ọrùn ọwọ́. Tàbí kí ẹ gé e lábẹ́ ìgbànú, níbi tí ìlà tààrà ti wà tẹ́lẹ̀. Ayùn abẹ tó tín-ín-rín ni kí ẹ lò, kì í ṣe kọ́tà, torí kọ́tà ń tẹ ike fọ́ kó tó gé e.

Lẹ́yìn gígé, ojú méjèèjì á tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí amọ̀nà mọ́, nítorí náà ẹ ṣe amọ̀nà tuntun. Ẹ fi dírìlì ọwọ́ mílímítà 1 lu ihò sí àárín ìhà kan, kó wọlé bíi mílímítà 4. Ẹ kan ọ̀dà díẹ̀ sí etí ihò, ẹ fi ìhà kejì kàn án kó tẹ àmì síbẹ̀, ibi àmì yẹn ni ẹ ó lu ìkejì sí. Wáyà tí wọ́n fi ń di ìwé pọ̀, ẹ gé e, ẹ fi súpágúlù dè é mọ́nú ìhà kan. Ẹ lè wá yí ọwọ́ náà sí ibi tó wù yín kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́.

Ihò tí kò níṣẹ́ mọ́ ńkọ́? Ẹ má fi amọ̀ dí i. Férémù tí ẹ fẹ́ dà nù yẹn, ike kan náà ni. Ẹ fá igi kékeré lára rẹ̀ títí tó fi máa wọ ihò náà há-há, ẹ fi gọ́ọ̀mù ike tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́, ọjọ́ kejì ẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀ rí.

Fún àlàfo tín-ín-rín, ẹ gé férémù sí wẹ́wẹ́ bí ẹyọ ìrẹsì, kó kún bí ìdá mẹ́ta ìgò Extra Thin tó ti ń lọ sópin, ẹ dé e, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Á yọ́ di ọbẹ̀ tó ki. Òun ni ẹ ó fi dí àlàfo; nígbà tó bá gbẹ, ó di ike ọ̀hún gan-an, ó gba sáńpépà, ó gba ọ̀dà bí ara ère. Àmọ́ ẹ má fi dí àlàfo tó fẹ̀, torí oje inú rẹ̀ á rọ ike ìsàlẹ̀ títí á fi wó wọlé. Fún èyí tó bá fẹ̀ ju ìdajì mílímítà lọ, Milliput ni, amọ̀ alápá méjì tó máa ń le: ẹ pò ó pọ̀ ní dọ́gba-n-dọ́gba, kí ẹ rẹ ìka sómi kí ẹ tó rà á.

Ohun kan ṣoṣo tí n ò rí ọ̀nà ẹ̀ ni kí push-fit kan náà pé mẹ́wàá lórí tábìlì kan, kí ẹ ní ẹ fẹ́ yí gbogbo wọn padà. Bó bá ti dé ibẹ̀, ẹ ra onígọ́ọ̀mù. Àkókò lówó lórí.

ỌdàÌbàdàn

Wọn ò tíì fọwọ́ kan ìbéèrè ọ̀dà. Ọmọ ogun tó di ìbọn mú síwájú àyà, bí ẹ bá tò ó tán, búrọ́ọ̀ṣì ò ní dé ẹ̀yìn ìbọn yẹn. Èmi á ní: bí ojú yín bá lè rí ibẹ̀ láì wò ó gba ihò abẹ́rẹ́, ẹ fi ẹ̀yà náà sílẹ̀ lọ́tọ̀ kí ẹ kùn ún; bí ojú yín ò bá rí i, ta ló máa rí i? Ẹ tò ó tán. Nínú ère mẹ́wàá, bóyá méjì ló nílò kí orí tàbí apá wà lọ́tọ̀. Ọ̀gá ogun tó ní aṣọ àbora wà nínú wọn.

Ẹ̀yà tí ẹ bá fi sílẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ bo èèkàn rẹ̀ kí ẹ tó fín ọ̀dà àkọ́kùn tí wọ́n ń pè ní primer. Ọ̀dà kékeré tó bá bọ́ sára èèkàn àti sínú ihò ń nípọn níhà méjèèjì, èèkàn tó wọlé lánàá kò ní wọlé lónìí, bí ẹ bá sì fi agbára tì í, ọ̀dà á ṣí bọ́ọ́bọ́ọ́ yí etí ihò ká. Yàtọ̀ síyẹn, gọ́ọ̀mù ike kì í gba orí ọ̀dà ṣiṣẹ́. Ike lásán ló mọ̀. Ẹ we tépù kékeré mọ́ èèkàn, ẹ fi Blu-Tack, amọ̀ rírọ̀ tí wọ́n fi ń lẹ ìwé mọ́ ògiri, dí ihò. Kí ẹ má sì gé èèkàn ẹ̀yà yìí kó kúrú jù, torí á wúlò fún yín láti fi dì í mú: ẹ lu ihò sí orí kọ́ọ̀kì, ẹ gún èèkàn bọ̀ ọ́, ọwọ́ ti bọ́ sí i nìyẹn.

Fífín: ẹ jìnnà ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ère, ẹ gbá a kọjá, ẹ má dúró lórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan tó kún lọ. Ọjọ́ tí ojú ọjọ́ bá tutù tó sì rin, ní Leeds lóṣù Kọkànlá tàbí níbí nígbà òjò, ẹ fi agolo sílẹ̀. Ọ̀dà á máa rí sákasàka bí iyanrìn, tàbí kó funfun bí ẹni tí kò fi ìpara pa ara ní ọyẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi kùn ún lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Primer olómi ti Vallejo wà.

Àkọ́bẹ̀rẹ̀Leeds

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á máa fún yín lágbára. Ìbéèrè kékeré méjì ló kù. Èèkàn kan dúró sí àárín ọ̀nà, kò wọlé mọ́, àmì funfun sì ti yọ lára ike níbi tí mo ti ń tẹ̀ ẹ́. Kí ló lè fà á? Èkejì: apá méjì tí mo fi súpágúlù lẹ̀ kọjú síbi tí kò yẹ. Ṣé ó ṣeé tú?

Ọ̀bẹMímú

Ẹ fi ọwọ́ kúrò níbẹ̀ ná. Funfun yẹn ni ike ń fi sọ pé ìnira ti pọ̀ jù, ohun tó sì kàn ni kó ṣẹ́. Ẹ yọ ọ́ bó ṣe wọlé, kí ẹ wá wò ó ní ẹsẹẹsẹ.

Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ẹ̀yà nínú ìwé ìtọ́sọ́nà. Èèkàn kan lè rí bíríkítí kí òmíràn ní ìhà kan tó tẹ́. Bí ìhà títẹ́ bá pàdé ihò bíríkítí, ẹ̀yà ẹlòmíràn lẹ mú yẹn. Bí nọ́ńbà bá pé, ẹ wo ara èèkàn bóyá ìwọ́ kù níbẹ̀ tàbí ilà móòdù gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìlà tí ẹ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ti tó láti dá a dúró. Bí ara rẹ̀ bá mọ́, etí ihò ni kí ẹ tẹjú mọ́: nígbà tí ẹ bá fi sáńpépà rìn ín, ike máa ń ká wọnú ihò. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ sí i, ẹ yí i ní ẹ̀ẹ̀mẹta láìtẹ̀ ẹ́, kí etí náà ṣí díẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé gọ́ọ̀mù ti wà nínú ihò ni, afẹ́fẹ́ ni. Ihò tí kò ní ìsàlẹ̀ ṣíṣí, gọ́ọ̀mù ti dí etí rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ò ríbi gbà. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́, á wọlé, ẹ ó fi ọwọ́ sílẹ̀, á tún rọra jáde bí orí alábahun. Ẹ fi ọ̀bẹ fá ẹ̀gbẹ́ kan èèkàn kó tẹ́ láti òkè dé ìdí, afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ jáde. Ìdí mìíràn rèé tí mo fi ní kí ẹ fi gọ́ọ̀mù sí ojú ìpàdé láti òde, kì í ṣe sínú ihò.

Ìtẹ̀léra náà ṣe pàtàkì nínú push-fit. Ẹ̀yà kan lè ti ilẹ̀kùn mọ́ òmíràn. Bí ìwé bá ní kí ẹ fi orí sí i kí ẹ tó pa àyà dé, ẹ má dá a sí ìgbẹ̀yìn.

ÌyáGunpla

Àmì funfun yẹn, bí kò bá tíì là, ẹ fi ẹ̀yìn èékánná rìn ín pẹ̀lẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan. Púpọ̀ nínú rẹ̀ á lọ. Ìyókù, ọ̀dà á bò ó.

Súpágúlù ṣeé tú, ìyẹn gan-an ni wọ́n ṣe ń lò ó fún ohun tí kò tíì dá wọn lójú. Ẹ we ère náà sínú ọ̀rá, ẹ jù ú sínú fìrísà fún wákàtí kan tàbí méjì. Òtútù ń mú kí súpágúlù máa ṣẹ́ bí ìpékeré. Nígbà tí ẹ bá mú un jáde, ẹ má yí apá náà. Ẹ ṣẹ́ ẹ láti ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á fò kúrò. Ẹ fá gọ́ọ̀mù tó kù lójú méjèèjì títí ike á fi hàn, torí gọ́ọ̀mù ike ò ní mú súpágúlù àtijọ́. Bó bá jẹ́ pé Extra Thin lẹ fi lẹ̀ ẹ́ tí ilẹ̀ sì ti mọ́ lé e lórí, fìrísà ò ní ṣe nǹkan kan sí i, ike kan ni wọ́n ti dà.

Èyí tí ẹ tẹ̀ láìní gọ́ọ̀mù tí ẹ sì fẹ́ yọ, ẹ má fi ṣóńṣó ọ̀bẹ hú u láti ojú kan. Ẹ ti abẹ tín-ín-rín bọ ojú ìpàdé díẹ̀ lápá òsì, ẹ yọ ọ́, ẹ tì í bọ ọ̀tún, ẹ tún padà sí òsì. Bí irun kan irun kan ni kó máa ṣí, kí èèkàn lè jáde ní tààrà. Bí èèkàn bá já sínú ihò náà, ẹ lu àárín rẹ̀ pẹ̀lú dírìlì mílímítà 1, kí ẹ wá ṣe ti wáyà tí ApáMẹ́ta sọ lókè.